Ẹbí ńlá fẹ́ lọ sí Benin: ilé wo la máa dé sí?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí béèyàn ṣe lè kó ẹbí lọ síbi ìsinmi nílẹ̀ òkèèrè, ìyá àgbà, ọmọ, ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn pọ̀, kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀ kí wọ́n ṣì máa kíra wọn. (Àwọn tí ò ráàyè wá ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ síta, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, tẹ́ ẹ bá rí i pé mo yà bàrá níbì kan, ẹ fara dà á.)

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń bá ẹbí wá ilé àti mọ́tò tí wọ́n bá fẹ́ rìnrìn àjò. Ohun tí mo sì ń rí ni pé ibi tó yẹ ká parí ẹ̀ sí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston á ní òun fẹ́ máa jí sétí òkun, àbúrò tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ní òun ti rí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tówó ẹ̀ rọjú, àwọn ọmọ á ní ṣé wáífáì wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé á máa rò ó lọ́kàn pé ta ló fẹ́ máa dáná fún èèyàn méjìlá. Kò sẹ́ni tó máa pe Màmá lórí fóònù kó bi wọ́n pé ẹsẹ̀ yín ńkọ́, ṣé orúnkún yẹn ti rọlẹ̀? Ìgbà tí wọ́n bá sanwó tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ilé tí wọ́n gbà, àjà kejì ló wà, kò sí líìfù, tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ sì jẹ́ ti mẹ́gáàdì.

Ohun tí mo wá sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má kọ́kọ́ yan ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wò, ibi tẹ́ ẹ máa sùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn, kẹ́ ẹ sì fi ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wúwo jù nínú gbogbo yín yàn án. Ẹni tára ẹ̀ yá gágá, kò síbi tí kò lè ti ibẹ̀ dé, á wọ mọ́tò, á gun ọ̀kadà, á dé. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ibi tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ sí náà ni gbogbo ìsinmi ẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin ẹ gbọ́ ọ rí.

Mi ò fẹ́ kó dà bí pé mò ń sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ ká mú ìlú kan, ká fi ṣe é. Mo mú Benin, Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀ o, tó ń sọ Faransé, kì í ṣe Ìbíní ti ọba Ẹdó. Ìdí tí mo fi mú un ni ọ̀rọ̀ físà. Ẹbí tó bá ní Màmá n'Ibàdàn, ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ míì l'Amẹ́ríkà, ẹni tó máa bá yín jẹ́ kí ètò náà rọrùn tàbí kó le ni Màmá tó ń lo pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n wá pàdé yín ní Spain, ẹ máa kó ìwé báńkì jọ, ẹ máa gbé wọn lọ tẹ̀ka, ẹ máa dúró, wọ́n sì lè ní àwọn ò fún wọn. Àmọ́ láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti jọ tọwọ́ bọ̀wé pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíì kó sì lo ọjọ́ 90 láì gba físà. Màmá á mú pásípọ́ọ̀tì tí ò tíì kú dání, wọ́n á mú yẹ́lò káàdì, ó tán. Àwọn ọmọ tó ń lo pásípọ́ọ̀tì ti Britain tàbí Amẹ́ríkà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba físà Benin. Kò sí bàálù tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù fò tààrà lọ sí Kútọ̀nú, Paris tàbí Brussels tàbí Istanbul ni wọ́n máa gbà, ó sì sàn bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n gba Èkó wọlé, torí tí wọ́n bá gba Èkó tí wọn ò ní pásípọ́ọ̀tì wa, físà Nàìjíríà náà ti di ọ̀ranyàn nìyẹn, físà méjì fún ìsinmi kan.

Mo ní yẹ́lò káàdì, ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí kí n tó gbàgbé. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yẹn, ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un ni káàdì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́, torí náà ẹni tó bá sáré gún un lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, ó kàn gún ara ẹ̀ lásán ni. Láti 2016 ni WHO ti ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ayé èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní bọ́dà sọ fún yín pé ọdún mẹ́wàá ẹ ti pé kẹ́ ẹ mówó wá. Àmọ́ ẹni tó bá ti lé ní 60 tí ò gún un rí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí dókítà, abẹ́rẹ́ yẹn lágbára fún àgbà, ọmọ jòjòló tí ò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án náà, dókítà ló máa sọ. Tí dókítà bá ní kò yẹ kí Bàbá gún un, á kọ ìwé fún wọn tí wọ́n á máa fi hàn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, oògùn ibà ni tiwọn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti ilé, ẹ̀fọn Benin ò mọ ẹni tí accent ẹ̀ dùn.

Ó dáa. Gúúsù Benin, ibi tí gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò kó sí, kò fẹ̀. Kútọ̀nú wà láàárín létí òkun. Ẹ lọ sápá ìlà oòrùn bíi kìlómítà 30, ẹ ti dé Àjàṣẹ́, èyí táwọn ìwé ń pè ní Porto-Novo, tó jẹ́ olú ìlú gan-an. Ẹ lọ sápá ìwọ̀ oòrùn bíi kìlómítà 40, Ouidah nìyẹn. Ẹ tún máa lọ, ẹ máa bá Grand-Popo nítòsí bọ́dà Togo. Abomey tó jẹ́ ìlú àwọn ọba Dàhòmì wà lókè lọ́hùn-ún, ìrìn wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta láti Kútọ̀nú. Ẹ ò rí i báyìí pé kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa kẹ́rù láti hòtẹ́ẹ̀lì dé hòtẹ́ẹ̀lì? Ibì kan lẹ máa jókòó sí, ẹ máa máa jáde lọ ẹ máa máa padà wálé. Ibo wá ni?

Kútọ̀nú ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Mi ò bú u. Àárín ìlú ni pápákọ̀ òfuurufú wà, àwọn ilé tó dáa wà ní Fidjrossè létí òkun, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ òyìnbó fún àwọn ọmọ tí ẹnu wọn ń yan oúnjẹ wà, CNHU tó jẹ́ ilé ìwòsàn wọn tó tóbi jù náà ò sí níbòmíì. Tó bá jẹ́ pé ara Bàbá gba kí dókítà máa wà nítòsí nígbà gbogbo, ẹ má wulẹ̀ fọ̀rọ̀ gùn, Kútọ̀nú ni. Ṣùgbọ́n ìlú aláriwo ni, àwọn ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zem yẹn, wọ́n pọ̀ débi pé tíná bá ti fún wọn láyè ńṣe ni gbogbo ojú títì máa ń ya yẹ́lò torí ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀. Ọmọ ọdún 19 á gbádùn ẹ̀. Màmá tó fẹ́ rìn dé ìkóríta lọ ra ọsàn, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á padà sínú ilé, wọn ò sì ní sọ fún yín pé ẹ̀rù ló bà wọ́n, wọ́n á ní ó rẹ àwọn.

Ouidah lèkejì, ibẹ̀ sì wù mí. Ìlú pẹ̀lẹ́ ni, ilé ò ga, igi wà lójú títì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa gba ojú òkun lọ sí Brazil àti Cuba àti Haiti, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995 wà létí òkun níbẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin sí àárín ìlú, ẹ má ní kí àgbà rìn ín o, mọ́tò ń dé ìdí ẹ̀. Ibì kan tún wà níbẹ̀ tí mo máa ń fẹ́ kí ẹbí rí, ilé àwọn òjòlá, wọ́n kọ́ ọ sí ọ̀ọ́kán bàsílíkà ìjọ Àgùdà gan-an, ojú títì ló dá wọn sí méjì. Ẹbí tó ní àgbà onígbàgbọ́ tí ò fẹ́ gbọ́ ejò létí, wọ́n á jókòó sínú bàsílíkà wọn jẹ́jẹ́ nínú ìbòòji, àwọn ọmọ á sọdá lọ gbé òjòlá kọ́rùn ya fọ́tò, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbogbo wọn á ti pàdé nídìí mọ́tò, kò sí ìjà. Ibi ìran tó rí báyìí ṣọ̀wọ́n.

Kí ló wá dé tí mi ò fi yan Ouidah fún gbogbo èèyàn? Ohun àkọ́kọ́, òkun. Torí òkun làwọn ọmọ ṣe ń fẹ́ ibẹ̀, òkun ibẹ̀ ò sì ṣeé lúwẹ̀ẹ́. Láti Kútọ̀nú títí dé Grand-Popo, omi yẹn ń fa èèyàn lọ sójú agbami, ẹni tó mọ̀wẹ̀ gan-an ó ń gbé e lọ. Ẹ máa sanwó ilé etí òkun, ẹ sì máa fi gbogbo ọjọ́ pariwo "kúrò níbẹ̀ yẹn, Túndé, kúrò níbẹ̀!" Ó sàn kẹ́ ẹ gba ilé tó ní swimming pool níbikíbi, kẹ́ ẹ wá lọ wo òkun nírọ̀lẹ́ tí gbogbo yín bá ti wọ bàtà, kẹ́ ẹ jẹ ẹja yíyan, kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ohun kejì, tó bá jẹ́ oṣù kìíní ọdún lẹ fẹ́ lọ, nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù náà ni ọdún ìṣẹ̀ṣe wọn, tí wọ́n ń pè ní Vodun Days báyìí, èrò á ti gbogbo ayé wá, yàrá ò ní sí, èyí tó bá sì wà, owó ẹ̀ á ti gòkè. Ẹni tó bá torí ọdún yẹn lọ, ó dáa, kó tètè gbalé. Ẹni tó fẹ́ kí Màmá sinmi, kó yẹra.

Grand-Popo dùn, ó jìnnà. Ẹni méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni mo máa ń ní kó lọ síbẹ̀.

Ibi tí mo máa ń ti ẹbí Yorùbá sí ni Àjàṣẹ́, wọ́n sì máa ń jà mí níyàn torí wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe fídíò ìrìn àjò. Ìdí mi rèé. Níbòmíì tí ẹbí bá lọ, àwọn ọ̀dọ́ ló mọ nǹkan, àwọn ló ń fi fóònù wá ọ̀nà, àwọn ló ń bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀, àgbà á kàn máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bí ẹrù. Màmá tó jẹ́ pé wọ́n pàṣẹ fún odidi ọjà n'Ibàdàn, wọ́n á dé òkèèrè wọ́n á di ẹni tó ń bèèrè pé ṣé mo lè lọ tọ̀? Àmọ́ ní Àjàṣẹ́, èèyàn tó gbọ́ Yorùbá pọ̀, ìlú àwọn Gùn ni, Yorùbá sì ti ń bá wọn gbé níbẹ̀ láti ayébáyé, nínú ọjà, ní mọ́ṣáláṣí, nídìí ìṣòwò.

Ẹ jẹ́ n fi ìyá kan tí mo bá lọ sọ́jà Ouando ṣe àpẹẹrẹ, ọjà ńlá Àjàṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù wà lẹ́yìn wọn, ọmọ-ọmọ wọn tó ń lọ sí ọdún 15 náà wà ńbẹ̀. Wọ́n dúró nídìí ata. Obìnrin tó ń tajà kí wọn ní Gùn, wọ́n dákẹ́, ó kí wọn ní Faransé, wọ́n dákẹ́, ni wọ́n bá ní "ìyá, èló lẹ̀ ń ta èyí?" Ojú obìnrin yẹn là, ó ní "háà, Nàìjíríà lẹ ti wá!" Yorùbá tó fi dá wọn lóhùn, ohùn ẹ̀ ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ò yé wọn níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ ka owó ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú, torí sẹ́ẹ̀fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ò jọ náírà, obìnrin tó ń tajà ń pè é ní Faransé, Màmá ń rò ó sí náírà, kò bára mu. Ọmọ ọdún 15 yẹn, tó ti ń kọ́ Faransé nílé ìwé láti ọdún mélòó kan tí kò rí ibi tó máa lò ó, ló gbọ́ iye tí wọ́n pè, ó ní "Grandma, ó ní mille deux cents." Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn títí wọ́n fi ra ata, wọ́n ra wàrà, wọ́n ra àkàsà, ìyá àgbà ń sọ Yorùbá, ọmọ-ọmọ ń sọ Faransé, ìyá tó wà láàárín wọn tó jẹ́ pé òun ló sanwó ìrìn àjò, tí ò gbọ́ Faransé, tí ò sì lè nájà, ó ń gbé báàgì tẹ̀ lé wọn. Láti ọjọ́ náà, Màmá ló ń jí wọn láàárọ̀.

Ẹ wá rí i pé ilé tó wà ní Àjàṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ya yín nípá sí àwọn ibi tó kù. Nínú ìlú fúnra ẹ̀, ààfin Ọba Toffa tó ti di mùsíọ́mù wà, Honmè ni wọ́n ń pè é. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tí àwọn èèyàn wa tó ti Brazil padà dé kọ́, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wo iwájú ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil lẹ máa rò pé ó jẹ́. Ẹbí wa tó jẹ́ pé Bàbá ń kírun, Màmá ń lọ sí Àńgílíkà, ọmọ ń lọ sí ìjọ aládùúrà, ẹ máa rántí bèèrè ibi tí kálukú máa gbàdúrà sí kẹ́ ẹ tó gbalé, torí ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Sunday ni wàhálà máa ń ṣẹlẹ̀ nílé ìsinmi, ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ lo mọ́tò kan ṣoṣo. Ní Àjàṣẹ́, ìwọ̀nba ni ìrìn tó wà níbẹ̀.

Fún àwọn ọmọ, Songhaï. Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní 1985, oko ńlá ni, wọ́n ń sin ẹja, wọ́n ń sin adìyẹ, wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná, ohun tí ibì kan bá dà nù ni ibòmíì ń lò. Ọmọ tó jẹ́ pé inú fíríìjì ló ti ń rí ẹja, jẹ́ kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, àgbà lè jókòó. Ẹ tún lọ sí Adjarra tí ò jìnnà rárá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ìlù, ọjọ́ ọjà wọn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni, ẹ béèrè ọjọ́ tó bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ Ganvié, mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Abúlé orí omi tó lókìkí yẹn, láti Abomey-Calavi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọ̀nú, kì í ṣe Abomey ti àwọn ọba o, lẹ ti máa wọ ọkọ̀, ó sì dáa, mi ò ní ẹ má lọ. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ náà: ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ á máa mì, ẹ máa jókòó sórí pákó tí ò ní ẹ̀yìn, oòrùn á wà lórí yín ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tí ìdí ń dùn, tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ kó máa tọ̀, ìyà ni. Àwọn Aguégué wà nítòsí Àjàṣẹ́, abúlé orí omi ni wọ́n náà, èrò tó ń wá wò wọ́n ò tó ti Ganvié. Ibi yòówù kẹ́ ẹ mú, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, kí ẹni tí ò bá lè lọ dúró sílé kó sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyẹn, ẹni tó máa dúró sílé. Gbogbo èèyàn tó ń wá ilé ìsinmi, ẹni tó máa jáde ni wọ́n ń rò. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ro ẹni tó máa ṣẹ́ kù. Lójoojúmọ́ ẹnì kan á wà tí ò ní lè jáde, Bàbá tó rẹ̀, ọmọ tínú ń run, aboyún. Kí ni ẹni yẹn máa rí wò láti ibi tó jókòó sí? Àwọn ilé tówó wọn ga, tí fọ́tò wọn dáa, fẹ́ǹsì wọn ga débi pé ojú ọ̀run nìkan lẹ máa rí, swimming pool wà níwájú, ẹ́ẹ̀sì wà nínú, ìdákẹ́rọ́rọ́. Ẹ fi àgbà Yorùbá síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ. Èmi máa ń wá ilé tó ní fàráńdà tó kọjú sí títì tí èèyàn ń gbà kọjá, tí ẹlẹ́ran ìgbẹ́ àti oníbúrẹ́dì máa polówó kọjá, tí aládùúgbò máa lè kí èèyàn. Fàráńdà tó ní ìbòòji láàárọ̀, àga méjì tó ní apá tí àgbà lè fi ara tì dìde. Tí fàráńdà yẹn bá wà, mo lè gbójú fo swimming pool. Tí kò bá sí, kò sí ohun tí onílé máa sọ fún mi.

Ẹ má fi fọ́tò gbalé. Ẹ ní kí onílé tan fídíò, kó rìn láti géètì wọlé dé ẹnu yàrá tí Màmá máa sùn, kó tún ti ibẹ̀ rìn dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kó má gé e, kó má sì sáré. Inú fídíò yẹn lẹ máa rí àtẹ̀gùn mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò sọ, táìsì tó ń yọ̀, ilẹ̀kùn báfù tó tẹ́ẹ́rẹ́, báfù òyìnbó tó ga tó jẹ́ pé àfi kéèyàn gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó wọ̀ ọ́. Ẹ bèèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ ń gbé ẹ́ẹ̀sì àbí gílóòbù nìkan, ẹ bèèrè tọ́ǹkì omi, kẹ́ ẹ bèèrè nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wá obìnrin àdúgbò tó máa dáná, ẹ sanwó ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí tí ẹ bá ní àwọn ìyàwó ni wọ́n máa dáná, àwọn ìyàwó ò wá sinmi nìyẹn, wọ́n kàn ṣí kíṣìnì wọn nípò ni.

Ẹni tó ń ti Èkó wakọ̀ lọ, Sẹ̀mẹ̀ lọ̀nà tó wọ́pọ̀, àwọn tó ń dá mọ́tò dúró láàárín Àgbádárìgì sí bọ́dà sì pọ̀, ẹ gbé omi àti sùúrù dání. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀tà tàbí Abẹ́òkúta lè gba Ìdí-Ìrókò, ẹ̀gbẹ́ Àjàṣẹ́ ló máa já yín sí, ẹ ò ní rí sún kẹẹrẹ Kútọ̀nú rárá. Ìgbà wo lẹ máa lọ? Oṣù kẹjọ táwọn ọmọ òkè òkun gba ìsinmi ò burú, òjò máa ń dá díẹ̀ nígbà yẹn kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ooru ò sì pọ̀. Oṣù kejìlá gbẹ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ wà, ẹni tó ní ikọ́ fee kó mú oògùn ẹ̀ dání.

Abomey, mo ní ó jìnnà. Ṣùgbọ́n Bàbá Ẹ̀gbá kan ò ní gbà fún mi, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ rí ààfin Gezo, ọba Dàhòmì tó wá gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti ti Glele ọmọ ẹ̀ tó tún padà wá ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn méjèèjì padà, Bàbá fẹ́ lọ dúró síwájú ilé wọn ni. UNESCO ti fi ààfin yẹn sínú ìwé wọn láti 1985. Irú àgbà báyìí, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ fi ọjọ́ kan àti òru kan sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé wọn lọ, kí àwọn tó kù wà ní Àjàṣẹ́. Àǹfààní ibùdó kan nìyẹn, ẹrù yín ò kúrò nílé.

Tí ẹbí yín ò bá gbọ́ Yorùbá mọ́, kí n sọ òótọ́, ìdajì ohun tí mo sọ nípa Àjàṣẹ́ ti lọ, ẹ wo Ouidah dáadáa.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè lẹ́yìn náà, mo kọ díẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá kan ní: ìyá ọkọ ń bọ̀, ìyá ìyàwó ń bọ̀, yàrá ìsàlẹ̀ ẹyọ kan ló wà, ta ni kó sùn níbẹ̀? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni. Èmi ò ní gba ilé yẹn. Ilé kéékèèké méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kálukú ní yàrá ìsàlẹ̀, ó sàn ju ilé ńlá kan lọ, owó ẹ̀ sì lè má jù ú lọ. Tí kò bá sí, ẹni tí ara ẹ̀ ò le ló ni ìsàlẹ̀, kí ọkọ fúnra ẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀ nílé kí wọ́n tó gbéra, kó má jẹ́ pé ìyàwó ló máa sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà.

Arákùnrin kan bèèrè ọ̀rọ̀ owó. Iye sẹ́ẹ̀fà sí Yúrò kì í yí padà, 655.957 ni Yúrò kan láti 1999, torí náà ẹ lè ti òkè òkun ṣírò gbogbo ẹ̀ tán. Ilé, mọ́tò àti olóúnjẹ, ẹ dá owó ẹ̀ jọ kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ fi sọ́wọ́ ẹnì kan. Àwọn àgbà ò dá owó, ṣùgbọ́n ẹ fún wọn ní sẹ́ẹ̀fà díẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n rí ohun ra fún ọmọ-ọmọ láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bèèrè kẹ́yìn ni pé tí bàálù bá jẹ́ ti òru ńkọ́, ṣé àwọn á lè ti Àjàṣẹ́ lọ? Àwọn bàálù tó ń lọ sí Yúróòpù, òru ni púpọ̀ nínú wọn ń gbéra lóòótọ́. Ẹ gba yàrá kan tàbí méjì ní Kútọ̀nú fún ọ̀sán ọjọ́ ìkẹ́yìn, ẹ kúrò ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́wàá àárọ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti wọ Kútọ̀nú tán, torí ọ̀pọ̀ wọn Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń gbé tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ojú afárá á ti ṣí. Kí àgbà sùn lọ́sàn-án, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì pé ẹ ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ arọ fún Màmá, ní Kútọ̀nú àti níbi tẹ́ ẹ ti máa pààrọ̀ bàálù.